Ẹ Má Tíì So Fáànù Yẹn ní Dáírẹ́ẹ̀tì

Ní Òṣogbo níbí, bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan péré nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ni ín máa ń sọ bó bá dé ṣọ́ọ̀bù mi ni pé, "Ọ̀gá rìwáyà, ẹ bá mi so fáànù yìí ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí láti ìgbà tí mo bá ti sítáàtì títí tí màá fi paná ọkọ̀." Wọn kì í béèrè ohun tí kò jẹ́ kí fáànù yí. Wọn kì í béèrè bóyá fáànù gan-an ló fa ìgbóná náà. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé dáírẹ́ẹ̀tì ni oògùn rẹ̀, wọ́n sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ lọ́jà Ìgbọ́nà gbé Corolla rẹ̀ wá láìpẹ́ yìí. Dáírẹ́ẹ̀tì kọ́ ló wá ṣe ní tirẹ̀ o. Wọ́n ti bá a ṣe é níbòmíràn láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Òórùn ike tó ń jó ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo tú abẹ́ sítíárìn, mo rí wáyà tín-ín-rín kan tó ti ibi kọ́kọ́rọ́ lọ tààrà sọ́dọ̀ fáànù. Kò sí fíúsì lójú ọ̀nà rẹ̀, kò sí rílè, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà iná fún fáànù. Ara wáyà náà ti yọ́ mọ́ mẹ́ta nínú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi han ìyá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí wọ́n ní ó ti parí nígbà yẹn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n kàn pa ọkọ̀ yín lẹ́nu mọ́ ni, wọn ò bi í ohun tó ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí fáànù ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ wáyà kankan, kí ó lè mọ ohun tó yẹ kó sọ bó bá dé iwájú rìwáyà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ooru ti ń wá. Epo tí ẹ rà, iná ni ẹ́ńjìnnì ń fi í dá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára inú epo náà ló ń ti ọkọ̀ síwájú. Nǹkan bí ìdá kan mìíràn ń bá èéfín jáde ní sàlẹ́ńsà. Èyí tó kù, irin ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún, omi ló sì gbọ́dọ̀ gbà á kúrò lára irin kó tó bà á jẹ́. Wọ́tà pọ́ńpù ń ti omi náà yípo. Tàmósítáàtì dúró sójú ọ̀nà bí oníbodè: bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ó ń ti ilẹ̀kùn kí omi má tíì lọ sí rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Ti ọ̀pọ̀ Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní nǹkan bí 82°C. Bó bá ti ṣí, omi gbígbóná á wọ rédíétọ̀, atẹ́gùn á gba àárín rédíétọ̀ kọjá, á gba ooru lára omi, omi tó ti rọlẹ̀ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Atẹ́gùn yẹn ni ẹ fi sọ́kàn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ju nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọ iwájú rẹ̀ ti pọ̀ tó, fáànù ò ní iṣẹ́ gidi kan níbẹ̀. Iṣẹ́ fáànù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rá pálá: ní Ọláìyá lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ láti Abẹ́rẹ̀, ní Old Garage, tàbí nínú oṣù kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí èrò ń wọ́ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun láti ìlú gbogbo, tí ọkọ̀ á máa sún díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ìgbà wo ló ń gbóná? Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti ń gbóná, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá ti rí ojú ọ̀nà sáré, ẹ fura sí fáànù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí eré lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán ló ti ń gbóná, fáànù kọ́. Ó lè jẹ́ rédíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí, tàmósítáàtì tó há, wọ́tà pọ́ńpù tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti jẹ, tàbí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ìdí rẹ̀. Ẹ lè so fáànù mẹ́rin ní dáírẹ́ẹ̀tì sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ṣì gbóná. Ó máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá ti náwó sórí fáànù lẹ́ẹ̀mejì kó tó wá mọ̀ pé rédíétọ̀ ló dí.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ò kéré. Omi lásán ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n ìdérí tó dára ń há omi mọ́ inú, irú èyí tí wọ́n kọ 0.9 tàbí 1.1 (ìwọ̀n agbára tó fi ń há omi mọ́) sí lórí, kí omi náà má lè hó títí yóò fi sún mọ́ 120°C. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gbó, omi á hó jáde bí fáànù tilẹ̀ ń yí bí ìjì. Kúláǹtì, ìyẹn oògùn omi rédíétọ̀, tí a pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì tún ń sún ibi híhó náà síwájú, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Omi kànga àti ti bọ̀ọ̀hù tí a ń rọ sínú rédíétọ̀ ló ń di èérún funfun àti ìpẹtà tó ń dí i.

Ó wá kan ẹni tó ń pàṣẹ fún fáànù.

Àwọn àgbà tó wa Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, á rántí fáànù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì. Bẹ́líìtì ló ń yí i, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń gbá a mú bí omi bá gbóná, tó sì ń jù ú sílẹ̀ bó bá ti tutù. Ẹ ò rí i pé láyé ìgbà yẹn pàápàá, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti mọ̀ pé kò yẹ kí fáànù máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àwọn ọdún 1990, súíìṣì kékeré kan ló wà lára rédíétọ̀. Bí omi bá tutù, súíìṣì náà wà ní pípadé, fáànù dúró. Bó bá gbóná dé nǹkan bí 93°C, á ṣí, fáànù á sì yí. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ wú mi lórí: bí wáyà súíìṣì náà bá já lọ́nà oko, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí yí fúnra rẹ̀. Dípò kí ọkọ̀ jóná, fáànù á kàn máa yí láìdúró.

Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní brain box, ló ń pàṣẹ. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí orí rẹ̀ rì sínú omi ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá tutù, iná ò fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà gba inú sẹ́ńsọ̀ náà kọjá. Bí omi ti ń gbóná ni ọ̀nà ń ṣí fún un. Lára Toyota, tí ẹ bá fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ yìí ní 20°C, ẹ máa rí nǹkan bí 2,300 sí 2,600 óòmù, ìyẹn òṣùwọ̀n ìdènà iná; ní 80°C, ó ti já sí nǹkan bí 310 sí 330. Brain box ń wo ìyípadà yìí, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ìgbóná.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ brain box ò le. Fáànù lè fa áńpíà 15, 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgàgà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Irú iná bẹ́ẹ̀ á jó o ní kíákíá. Ìdí nìyẹn tí rílè fi wà. Rílè dà bí ẹmẹsẹ̀ ọba: ọba kì í fúnra rẹ̀ ru ẹrù, ó kàn ń ránṣẹ́ ni. Brain box á fi iná tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin áńpíà kan ta rílè lólobó, rílè á sì ṣí ọ̀nà ńlá láti bátìrì sí fáànù, tí fíúsì ńlá sì ń ṣọ́ ọ̀nà náà.

Brain box kì í sọ pé kí fáànù bẹ̀rẹ̀ ní 96 kó sì dúró ní 95. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, fáànù á máa tàn, á máa kú ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, rílè á sì jó. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀: bóyá kó bẹ̀rẹ̀ ní 96, kó dúró ní 90. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù iná tí ẹ fi ń lọ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe. Nítorí náà, fáànù tó ń yí, tó ń dúró, tó tún ń yí, ara rẹ̀ yá. Mo ti rí àwọn tó sáré wá torí pé "fáànù mi ń ṣe ségesège," tí kò sì sí ohunkóhun tó ṣe é. Bí ẹ bá tan AC, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáànù á yí bí omi kò tilẹ̀ tíì gbóná, torí AC ní rédíétọ̀ tirẹ̀ níwájú tó nílò atẹ́gùn. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá ti ilẹ̀ Yúróòpù, fáànù lè máa yí fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ní kí wọ́n gé e. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ ti kú.

Nísinsìnyí, dáírẹ́ẹ̀tì. Kí n sọ òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀ ná. Bí fáànù yín bá kú lójú ọ̀nà Ìkìrun lálẹ́, tí rìwáyà kan sì so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè délé, ó ṣe yín lóore. Bí tàmósítáàtì bá sì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, fáànù tó ń yí láìdúró nìkan ò lè mú ẹ́ńjìnnì tutù kọjá ààlà, torí oníbodè á ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé a ń fi ìtọ́jú ojú ọ̀nà ṣe ìwòsàn ayérayé, àti pé ọwọ́ kan náà tó so dáírẹ́ẹ̀tì ló máa ń yọ tàmósítáàtì dànù.

Ẹ ronú nípa iná ná. Áńpíà 15 lábẹ́ vóòtì 12, wáàtì 180 nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fáànù òkè àjà mẹ́ta tó ń yí papọ̀ nílé yín. Bí wọ́n bá gbé gbogbo ìyẹn gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá, irin pẹlẹbẹ inú súíìṣì kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jó díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ á kọ̀ láti sítáàtì, tàbí kó kú lórí eré. Wáyà tín-ín-rín á gbóná, ara rẹ̀ á yọ́, á kan wáyà mìíràn. Bí kò bá sí fíúsì, kò sí ohun tó máa dá iná náà dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Màmá nìyẹn, díẹ̀ ló sì kù kó gbiná. Mọ́tò inú fáànù náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀: ó ní èédú kékeré méjì tó ń jẹ bó ti ń yí. Fáànù tó yẹ kó ṣiṣẹ́ nígbà díẹ̀ lóòjọ́ wá ń ṣiṣẹ́ láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, níbi tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti tó ọkọ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ tàmósítáàtì pẹ̀lú, ìpalára rẹ̀ ò ní tètè hàn. Ní àárọ̀ ọyẹ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rin ìrìn-àjò gígùn kí omi rẹ̀ má kọjá 70°C. Lójú brain box, ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì jí. Yóò máa fún un ní epo tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni ń ki igi tutù sínú iná. Owó epo á gòkè. Epo bẹntiróò tí kò jó tán á ṣàn wọ inú ọ́ìlì, ìrì inú ẹ́ńjìnnì ò ní rí ooru tó máa lé e jáde. Jíà olóòótọ́matíìkì mìíràn ò ní wọ jíà ìkẹyìn dáadáa torí ó ń dúró de ìmóoru. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ wò ó, kóòdù P0128 ni yóò jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé omi ẹ́ńjìnnì ò gbóná dé ibi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ló wá ń na owó sórí púlọ́ọ̀gì àti nọ́sùlù nítorí epo tí ọkọ̀ ń mu, láìmọ̀ pé tàmósítáàtì tí wọ́n jù nù ló fà á.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé dáírẹ́ẹ̀tì ń já okùn ọ̀rọ̀ láàárín ọkọ̀ àti ẹni tó ń wà á. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Fáànù tí kò yí ń sọ nǹkan kan: ó lè jẹ́ fíúsì, rílè, sẹ́ńsọ̀, wáyà tí eku jẹ, mọ́tò tó ti kú, tàbí omi tó ti lọ sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí omi bá lọ sílẹ̀ débi tí orí sẹ́ńsọ̀ ò sí nínú omi mọ́, atẹ́gùn ni yóò máa wọ̀n. Brain box á rò pé ẹ́ńjìnnì tutù, fáànù ò ní yí, ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pàápàá lè wálẹ̀, nígbà tí irin ń jóná lábẹ́. Bí ọwọ́ ìgbóná bá ga tó sì ṣàdédé já wálẹ̀, ẹ má dúpẹ́. Ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù pátápátá.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìdí gidi láti fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn darí fáànù. Ẹni tó ń wa èrò láàárín ìgboro láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó fẹ́ kí fáànù ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mi ò lè bá a jà. Ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé súíìṣì tí a máa fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àfikún. Kò gbọ́dọ̀ gba ipò brain box.

Bó ṣe rí nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Japan, iná ti wà lára ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ kékeré méjì rílè bí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹsẹ̀ kejì lọ sọ́dọ̀ brain box, brain box á sì fi í kan ara ọkọ̀, ìyẹn nẹ́gétíìfù, nígbà tó bá fẹ́ kí fáànù yí. Ohun tí rìwáyà tó mọṣẹ́ á ṣe ni pé kó bọ́ wáyà kan lára ẹsẹ̀ kejì yìí, kó gbé e wá sí súíìṣì kékeré níwájú awakọ̀, kó sì gba súíìṣì náà kan ara ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà di méjì. Bí ẹ bá tẹ súíìṣì, fáànù yí. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, brain box ṣì wà nídìí iṣẹ́. Iná tó ń gba súíìṣì yẹn kọjá kò tó nǹkan, kò lè jó wáyà. Fáànù ṣì ń gba iná rẹ̀ lọ́wọ́ rílè, lábẹ́ fíúsì tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀. Kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Dáírẹ́ẹ̀tì rọrùn jù ú lọ díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Àwọn tó gé brain box kúrò tí wọ́n wá fi súíìṣì nìkan sílẹ̀ ló ń kó ara wọn sí wàhálà. Ọpọlọ ènìyàn ń gbàgbé. Ẹ yá ọkọ̀ fún àbúrò yín lọ sí Iléṣà, ẹ ò rántí sọ fún un pé súíìṣì kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin náà á gba ìpè lórí fóònù, ọkàn yín á lọ.

Ọkọ̀ tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn báyìí wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kì í ṣe rílè ló ń tan fáànù. Ẹ̀rọ kékeré kan ni brain box ń bá sọ̀rọ̀, tí yóò sì sọ bí fáànù ṣe máa sáré tó, díẹ̀ tàbí púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbóná ṣe rí. Bí ẹ bá rí wáyà nípọnnípọn méjì àti tín-ín-rín kan tàbí méjì tó wọ ẹ̀rọ tó lẹ̀ mọ́ fáànù, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń fi nẹ́gétíìfù ṣí rílè. Rìwáyà yín gbọ́dọ̀ fi mítà wò ó kó tó gé ohunkóhun. Nǹkan kékeré kan tún wà tí mo rí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí: wọ́n rọ fáànù tòkunbọ̀ sí ọkọ̀, wọ́n sì so wáyà rẹ̀ ní òdì. Fáànù ń yí, ariwo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n iwájú ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Ẹ mú bébà kan sún mọ́ iwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù bá ń yí. Ó yẹ kí bébà náà lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ padà sí yín, òdì ni.

Ó ku ti kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí nípa rẹ̀ jù. Wọ́n ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ní Amẹ́ríkà wọ́n ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì ń yí ìgbóná tí fáànù á ti bẹ̀rẹ̀ padà. Òótọ́ ni. Nínú àwọn ọkọ̀ General Motors (GM) tó ní ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) tí wọ́n ń pè ní LS, wọ́n ṣètò ọ̀pọ̀ láti ilé iṣẹ́ pé kí fáànù má yí títí omi á fi kọjá 105°C. Ilé iṣẹ́ ò ṣìnà: ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa ń jó epo tán, èéfín rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn sáré ìdíje fẹ́ kó tutù díẹ̀ sí i. Wọ́n ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní HP Tuners láti wọ inú brain box, wọ́n á sì fa nọ́ńbà náà wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn, Hondata, ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Honda kan. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ yìí lè yan ìgbóná tí fáànù kìíní á bẹ̀rẹ̀, tí èkejì á bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á dúró. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ó tún lè yan eré tí ọkọ̀ á dé kí fáànù tó sinmi.

Ọ̀nà yìí mọ́ ju súíìṣì lọ, torí kò sí wáyà kankan tí a gé, kò sì sí ohun tí awakọ̀ á máa rántí. Síbẹ̀, àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí kò jìnnà sí dáírẹ́ẹ̀tì. Ká ní tàmósítáàtì yín ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní 82, tí ẹnì kan wá ní kí fáànù bẹ̀rẹ̀ ní 80. Tàmósítáàtì ò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ju 82 lọ, fáànù náà ò sì ní dúró láé. Ẹ ti fi láptọ́ọ̀pù olówó ńlá so dáírẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ibi tí fáànù á ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí tàmósítáàtì ti ń ṣí lọ ní nǹkan bí dígírì mẹ́wàá ó kéré tán, ibi tó máa dúró náà sì gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí tàmósítáàtì ti ń ṣí.

Fún Corolla àti Camry tó kún ìgboro wa, èmi ò rí ìdí fún un. Fáànù wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 93 sí 96°C láti ilé iṣẹ́, ìyẹn sì bá ooru tiwa mu. Bí Corolla bá ń gbóná, nǹkan kan ti bàjẹ́. Nọ́ńbà inú brain box kọ́. Ewu sì wà nínú kíkọ nǹkan tuntun sínú brain box: bí bátìrì bá rẹ̀ láàárín iṣẹ́, àpótí náà lè kú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì so ṣájà mọ́ bátìrì. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní brain box, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní bọ́tìnnì tí a ń yí láti yan ìgbóná àti ẹnu wáyà tó ń wọn ooru lára rédíétọ̀. Pẹ̀lú rílè àti fíúsì, ó ń ṣe dáadáa.

Ohun tí kọ̀ǹpútà wúlò fún jù lọ́dọ̀ mi ni wíwá àìsàn. Síkánà gidi, ẹ̀rọ tí a fi ń bá brain box sọ̀rọ̀, lè pàṣẹ fún un pé kó tan fáànù nísinsìnyí. Bí fáànù bá yí, ara mọ́tò, rílè, fíúsì àti wáyà yá. Sẹ́ńsọ̀ tàbí omi ni ká wá lọ. Bí kò bá yí, ẹ wo rílè. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rílè họ́ọ̀nù jọ ti fáànù, ẹ lè fi í pààrọ̀ fún ìdánwò. Ẹ̀yin náà lè rí ìgbóná ọkọ̀ yín lórí fóònù. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ sítíárìn; ẹ ki ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327 bọ̀ ọ́, kó bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Brain box á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́, áàpù á yọ 40 kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù ni ìgbóná omi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, torí wọ́n ti ṣe ọwọ́ yẹn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kó máa dúró sáàárín bí omi bá tilẹ̀ ti rìn jìnnà, kí awakọ̀ má bàa dààmú.

Ọkọ̀ Màmá, rílè fáànù ló jóná láti ìbẹ̀rẹ̀. Rílè kan ṣoṣo, ohun tí mo yọ lọ́wọ́ kan. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tú wáyà dáírẹ́ẹ̀tì jù nù, mo tún àwọn mẹ́ta tó yọ́ ṣe, mo dá tàmósítáàtì tí wọ́n ti yọ padà, mo sì fi kúláǹtì rọ́pò omi pupa inú rédíétọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti Màmá jọ wà á lọ sí Ọláìyá láti dán an wò. Mo gbé fóònù mi sí iwájú wọn. Ọkọ̀ dúró tì, wọ́n ń wo nọ́ńbà náà bó ti ń gòkè: 91, 93, 95. Ní 96, ìró kan dún ní iwájú.

Wọ́n ní, "Ṣé òun nìyẹn?"

Mo ní, "Òun ni, Màmá. Ẹ máa wò ó."

Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó kan 90, ìró náà dákẹ́.